Ooru inú Fúláàsì: Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ Kí A Fi Kọ́ni ní Bí Omi Gbígbóná Ṣe Ń Tutù

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí àwọn ará ilé tó sùn ni wọ́n ti ń hó omi, tí wọ́n sì ń dà á sínú fúláàsì. Ìyá ọlọ́mọ yóò fi po oúnjẹ bí ọmọ bá jí lóru. Àgbàlagbà yóò fi po tíì. Ẹni tí ó fẹ́ tètè dé ọjà Òkè-Ajé yóò fi ṣe ẹ̀kọ mu ní ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, ìyá yóò po ògì sínú abọ́, yóò ṣí fúláàsì, yóò sì da omi lé ògì náà. Omi ọ̀hún ṣì ń rú èéfín. Bí ó bá ta sí ènìyàn lọ́wọ́, yóò ta ẹni náà lára. Síbẹ̀ ògì náà kò ki. Ó ń ṣàn bí omi funfun nínú abọ́, àfi bí a bá gbé e kaná kí ó tó di ẹ̀kọ.

Bí a bá bi àwọn ará ilé léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan yóò ní òtútù ti wọ inú omi náà lóru. Àwọn mìíràn yóò ní fúláàsì náà kò lágbára mọ́, kò lè mú omi gbóná. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ físíìsì wò ó, kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Òtútù kì í wọ inú omi. Fúláàsì, bí ó ti wù kí ó jẹ́ tuntun tó, kò sì mú omi gbóná rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ gbólóhùn wọ̀nyí kò ṣi èdè sọ. Ojúlówó Yorùbá ni ó sọ. Ìṣòro olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ti ògbufọ̀ nìyí. Gbólóhùn tí ọmọ gbọ́ nínú ilé ni yóò gbé wá sí kíláàsì, bí olùkọ́ kò bá sì fi ìṣọ́ra yan ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ooru yóò ti dàrú kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ooru àti Ìwọ̀n-ìgbóná

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún bí nǹkan ṣe gbóná sí. Omi a máa hó, a máa gbóná janjan, a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa tutù, a sì máa tutù nini. Oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná a máa gbóná fẹlifẹli. Àkàbà ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni tẹmómítà ń wọ̀n, tí a sì ń fi dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kà. Orúkọ tí ó bá a mu jù ni ìwọ̀n-ìgbóná. Kò dára kí a pè é ní ìgbóná lásán, nítorí pé orúkọ àrùn ni ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán pátápátá láyé. Àwọn àgbà tí ó mọ ìgbà náà kì í fẹ́ kí ènìyàn máa pe orúkọ rẹ̀ kiri. Bí a bá fi ìwọ̀n ṣáájú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò hàn kedere, ìfòyà yóò sì kúrò níbẹ̀.

Ooru yàtọ̀ sí ìwọ̀n-ìgbóná. Ooru ni agbára tí ń kúrò lára ohun tí ó gbóná lọ sára ohun tí kò gbóná tó o, júùlù ni a sì fi ń kà á. Àwọn onímọ̀ físíìsì a máa fẹ́ kí a fi orúkọ náà mọ sí agbára tí ó wà lójú ọ̀nà nìkan, kí a má fi pe èyí tí ó dúró nínú nǹkan. Fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó tó kí ó mọ̀ pé ooru pọ̀ tàbí kéré, ṣùgbọ́n ìwọ̀n-ìgbóná ga tàbí lọ sílẹ̀. Ṣíbí omi híhó kan àti korobá omi ìwẹ̀ kan tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ká ní omi inú ṣíbí jẹ́ gíráàmù 5, tí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ sì jẹ́ 100 dígírì. Ká ní omi inú korobá jẹ́ kìlógíráàmù 10, tí tirẹ̀ jẹ́ 40 dígírì péré. Bí afẹ́fẹ́ ilé bá jẹ́ 27 dígírì, omi ṣíbí yóò tú nǹkan bí 1,500 júùlù sílẹ̀ kí ó tó tutù dé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà. Omi korobá yóò tú 546,000 sílẹ̀. Èyí tí ń jó ènìyàn lẹ́nu ni ó ní ooru tí ó kéré jù.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń da ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Ní Yúróòpù pàápàá, ẹ̀wádún 1760 ni Joseph Black, ẹni tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow, ya iye ooru sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n-ìgbóná kedere fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Tẹmómítà ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń wọ̀n àti ohun tí kò wọ̀n.

Nísinsìnyí a lè padà sídìí abọ́ ògì. Ìtáàṣì inú àgbàdo ni ó ń mú ògì ki, kò sì ní ki àfi bí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ bá tó nǹkan bí 62 dígírì. Ó máa ń parí iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 72. Ká ní a po ìdá 3 nínú 10 kìlógíráàmù ògì, tí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 28 dígírì, tí a sì da omi lítà 1 lé e. Púpọ̀ nínú ògì pípò jẹ́ omi, nítorí náà a lè ka méjèèjì sí bákan náà. Bí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ní 100 dígírì, àdàpọ̀ méjèèjì yóò wà ní nǹkan bí 83, ògì yóò sì ki. Bí omi náà bá jẹ́ 85, àdàpọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 72. Ó kù díẹ̀ kí ó má tó. Bí ó bá jẹ́ 75, àdàpọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 64, ìtáàṣì náà kò sì ní rí ooru tí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Omi tí ó jẹ́ 75 dígírì lè jó ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó ògì ṣe. Ìdí kan náà ni ó fà á tí èbà tí a fi omi fúláàsì tẹ̀ kì í fi í fani mọ́ra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gàrí Ìjẹ̀bú tí a fi tẹ̀ ẹ́ kúnná dáradára.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé omi ni à ń tọ́jú ooru sí. Kí ìwọ̀n-ìgbóná kìlógíráàmù omi 1 tó lè fi dígírì 1 ga, yóò gba nǹkan bí 4,200 júùlù. Òróró ń gba nǹkan bí 2,000. Irin ń gba nǹkan bí 450. Nítorí náà omi ń pẹ́ kí ó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kí ó tó tutù. Ìgbàmọ́ra-ooru ni orúkọ tí a lè fún ànímọ́ yìí, nítorí ohun tí ó gba ooru mọ́ra ni ó lè yá ni ní ooru nígbà tí a bá nílò rẹ̀.

Òtútù Kì í Wọ Inú Omi

Nínú gírámà Yorùbá, òtútù àti ooru dọ́gba. “Ooru mú mi” àti “òtútù mú mi” ní ìhun kan náà: ohun tí ń ṣeni ni olùwà, ẹni tí ó ń ṣe ni àbọ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ọmọ rò pé nǹkan méjì ni wọ́n, tí ọ̀kan ń jáde tí èkejì sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí òtútù tí ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ooru nìkan ni ó ń rìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì ń tọ̀ fúnra rẹ̀: láti ibi tí ìwọ̀n-ìgbóná ti ga sí ibi tí ó ti lọ sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní òtútù kò ju àìtó ooru lọ.

Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ kọ gírámà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí yóò ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Inú èdè kan náà ni oògùn ọ̀rọ̀ náà wà. Yorùbá ń sọ pé “ebi ń pa mí”, ó sì ń sọ pé “òùngbẹ ń gbẹ mí”. Ebi àti òùngbẹ jẹ́ olùwà nínú gbólóhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí ó rò pé ebi jẹ́ nǹkan tí ó gba ẹnu wọlé. Ó mọ̀ pé oúnjẹ ni kò sí. Bí olùkọ́ bá sọ fún un pé bí ebi ti jẹ́ sí oúnjẹ ni òtútù jẹ́ sí ooru, yóò yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò sì rí i pé aṣọ òtútù kì í lé òtútù jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ooru kan nínú ara tirẹ̀. Ooru ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni kò jẹ́ kí ó tètè lọ.

Ohun èlò kan tí ó wọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú kíláàsì. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, kò sí agboolé tí ó ń gba àlejò tí a kò ní í rí kúlà níbẹ̀. Ìrẹsì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín wà nínú ọ̀kan. Yìnyín àti ohun mímu tútù wà nínú èkejì tí wọ́n jọ ti ọjà kan náà wá. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ kúlà ti wọlé, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni ohun tí ń mú nǹkan tutù. Síbẹ̀ kúlà kì í mú nǹkan tutù, kì í sì í mú nǹkan gbóná. Ooru ìrẹsì ni kò jẹ́ kí ó tètè jáde. Ooru afẹ́fẹ́ ìta ni kò jẹ́ kí ó tètè wọ inú yìnyín. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe nígbà méjèèjì.

Ìtàn fúláàsì pàápàá fìdí èyí múlẹ̀. James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tílándì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ́kọ́ ṣe ìgò náà ní ọdún 1892. Kì í ṣe omi gbígbóná ni ó ń wá ibi fi sí. Àwọn ohun tí ó ń ṣe ìwádìí lé lórí ni afẹ́fẹ́ tí a ti mú tutù títí ó fi di olómi, ó sì fẹ́ dènà kí wọ́n má tètè hó dànù. Reinhold Burger, oníṣẹ́ dígí ní Jámánì, ni ó rí i pé ìgò náà yóò wúlò nínú ilé. Ní ọdún 1904 ni iléeṣẹ́ wọn fún un ní orúkọ Thermos, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí gbígbóná. Ohun tí a ṣe nítorí ohun tútù ni a wá fi orúkọ ohun gbígbóná pè. Ohun tí a fi ń gbé oúnjẹ gbígbóná ni a sì wá fi orúkọ ohun tí ń mú nǹkan tutù pè. Orúkọ méjèèjì wo ìhà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ tí ohun èlò náà ń ṣe.

Ọ̀nà tí Ooru Ń Gbà Jáde

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu.

Èkíní ni ràn. Bí iná ti ń ràn láti ara igi kan dé ara èkejì, tí àrùn sì ń ràn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn tí wọ́n jọ fara kanra, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń ràn láti orí ṣíbí irin tí ó wà nínú ọbẹ̀ gbígbóná dé ibi tí a dì mú. Ìràn-ooru ni orúkọ rẹ̀. Àwọn nǹkan kò dọ́gba nínú rẹ̀: irin ń ran ooru gan-an, igi kò ràn án tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án. Omi ń ran ooru ju afẹ́fẹ́ lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 20, ìdí nìyí tí aṣọ tí ó rin kò fi wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ bo ìkòkò kí ó má tutù.

Èkejì ni gbé kiri. Afẹ́fẹ́ tàbí omi tí ó bá gbóná a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè. Èyí tí ó tutù a sì máa wá rọ́pò rẹ̀. Ooru kò dá rìn níhìn-ín. Ohun tí ó gbóná ni ó gbé e lọ, bí ìgbà tí oníkiri bá gbé ọjà rẹ̀ kiri àdúgbò. Ìgbékiri-ooru ni èyí.

Ẹ̀kẹta ni tàn. Ooru oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín tí ó ràn án tàbí tí ó gbé e kiri; ó tàn wá ni. Ẹni tí ó yá iná mọ̀ pé iwájú òun gbóná bí ẹ̀yìn òun tilẹ̀ tutù. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà ti àkọ́kọ́, ìtàn-ooru ni à bá pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i nínú ìwé yóò retí kí a sọ ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ fún òun. Irú ọ̀fìn yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí máa ṣọ́ra fún. Ìtànṣán-ooru sàn jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ìtànṣán ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ti oòrùn, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé omi tí ń di ooru-omi. Nínú ilé, ooru ni a sábà máa ń pe èyí tí ń rú jáde nígbà tí a bá ṣí ìkòkò, èyí sì ń da ọ̀rọ̀ rú fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ máa pè é ní ooru-omi nígbà gbogbo. Ooru tí ó ń gbé lọ pọ̀ gan-an. Bí gíráàmù 10 péré bá di ooru-omi nínú omi gbígbóná lítà 1, yóò kó nǹkan bí 23,000 júùlù lọ, ìwọ̀n-ìgbóná omi tí ó kù yóò sì fi ohun tí ó lé ní 5 dígírì lọ sílẹ̀. Nípa ọ̀nà yìí náà ni àmù ń mú omi tutù: omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ yọ sóde, ó ń gbẹ, ó sì ń kó ooru lọ.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wọ̀nyí lè ka fúláàsì bí ìwé. Ìgò méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, a sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Níbi tí kò ti sí nǹkan kan, ooru kò rí ohun tí yóò ràn án tàbí ohun tí yóò gbé e kiri. Òfìfo kò tó láti fi pe ibẹ̀, nítorí pé ìgò òfìfo lẹ́nu Yorùbá ni ìgò tí kò ní omi tàbí ọtí. Afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Àlàfo-aláìláfẹ́fẹ́ ni ó sọ òtítọ́ ọ̀ràn náà. Nítorí ìtànṣán-ooru ni a ṣe fi fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kun ara dígí náà tí ó fi ń dán bí dígí ìwojú: ó ń dá ìtànṣán padà síbi tí ó ti wá. Ìdérí wà nítorí ooru-omi àti ìgbékiri-ooru. Ọrùn fúláàsì, níbi tí ìgò méjèèjì ti so pọ̀, àti ìdérí fúnra rẹ̀, ni ooru kù tí ó ń gbà jáde jù. Bí dígí náà bá sán, tí afẹ́fẹ́ sì wọ àlàfo náà, ara fúláàsì lóde yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Kúlà kò ní àlàfo-aláìláfẹ́fẹ́. Fóòmù ni ó wà láàárín ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ihò wẹ́wẹ́ fóòmù náà kò sì lè gbé ooru kiri. Ìmọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́kọ kí kúlà tó dé. Ewé tí wọ́n tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ní ipele-ipele, àti aṣọ gbígbẹ tí wọ́n fi bò ó, afẹ́fẹ́ ni wọ́n há mọ́ àárín.

Amóoru-falẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí tí a óò fi pe ohun tí kì í jẹ́ kí ooru tètè lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni adènà-ooru. Ó rọrùn láti pè, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa. Ẹni tí ó dènà ti dí ọ̀nà. Bí ooru kò bá rí ọ̀nà lọ, omi inú fúláàsì kò ní tutù títí ayé. Kò sí ohun èlò kan tí ó lè ṣe èyí. Ohun tí fóòmù, ewé, aṣọ àti àlàfo-aláìláfẹ́fẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń mú kí ìrìn ooru falẹ̀. Nítorí náà amóoru-falẹ̀ ni ó yẹ kí a máa pè wọ́n: a-mú-ooru-falẹ̀. Ìhun rẹ̀ bá òfin èdè mu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí tẹmómítà yóò fi hàn án.

Bí ìrìn náà ṣe ń falẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Isaac Newton ni ó gbé e jáde ní ọdún 1701: bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀n-ìgbóná nǹkan àti ti àyíká rẹ̀ bá ti tó ni nǹkan náà yóò ṣe yára tutù tó. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ooru ń sáré; bí ìyàtọ̀ bá dín kù, ooru ń rọra. Ká ní omi fúláàsì kan jẹ́ 95 dígírì ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí afẹ́fẹ́ yàrá jẹ́ 27. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 68. Ká ní fúláàsì náà ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ìyàtọ̀ yìí ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ní agogo mẹ́rin ìdájí, ìyàtọ̀ yóò ku 51, omi yóò sì jẹ́ 78 dígírì. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, omi yóò jẹ́ nǹkan bí 65. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí 56. Dígírì 17 ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà nǹkan bí 13, lẹ́yìn náà nǹkan bí 10. Ohun tí a bá ní kí fúláàsì pa mọ́ fún wa, wákàtí àkọ́kọ́ ni ó ń ṣòfò rẹ̀ jù.

Bí nǹkan ṣe tóbi tó tún kan ọ̀ràn náà. Ojú ara nǹkan ni ooru ń gbà jáde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni a kó ooru sí. Àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ń gba lítà 1. Èyí tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 20 ń gba lítà 8, ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin péré. Ìdajì ojú ara ni ó kan lítà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí ńlá. Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín kan tí a mú jáde nínú apẹ̀rẹ̀ yóò tutù nígbà tí ọgbọ̀n tí ó kù ṣì ń gbóná. Bákan náà ni fúláàsì tí omi rẹ̀ kò ju ìdajì lọ: ooru tí ń gba ọrùn àti ìdérí rẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n omi tí yóò san gbèsè náà ti dín kù sí ìdajì, ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ yóò sì máa já wálẹ̀ ní ìyára tí ó sún mọ́ ìlọ́po méjì.

Ohun tí Ó Wà Nídìí Ọ̀rọ̀ Yìí

Bí ó bá jẹ́ ògì nìkan ni, ìpalára rẹ̀ kò tó nǹkan. A óò gbé e kaná. Ṣùgbọ́n fúláàsì kan náà ni a fi ń po wàrà oníyẹ̀fun fún ọmọ ọwọ́ lóru. Wàrà oníyẹ̀fun kì í ṣe ohun tí kòkòrò àrùn kò lè wà nínú rẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007, a ní kí omi tí a óò fi po ó má ṣe dín ní 70 dígírì, kí ó lè pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun náà, kí a sì wá mú oúnjẹ náà tutù kí ó tó kan ẹnu ọmọ. Nínú ìṣirò òkè yìí, omi tí ó jẹ́ 78 ní agogo mẹ́rin ìdájí ṣì wà lókè ààlà náà. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ó ti bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí fúláàsì náà kò bá kún, tàbí tí a ti ṣí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó lè ti bọ́ sísàlẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Ọwọ́ kò lè sọ ìyàtọ̀ náà, nítorí 78 ń jóni, 65 náà sì ń jóni. Ìyá tí a kọ́ pé fúláàsì jẹ́ adènà-ooru yóò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tí a kọ́ pé amóoru-falẹ̀ ni yóò béèrè pé: láti ìgbà wo ni omi yìí ti wà níbẹ̀?

Èyí ni ó fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe eré àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà lára iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn tí ó kọ ìwé rẹ̀ sì ní láti wá ọ̀rọ̀ fún un. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Kò fi físíìsì ṣe àfojúsùn. Ọ̀nà tí ìwé náà là lè wúlò fún ooru pẹ̀lú: kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè ti ní, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ mìíràn ti wà lọ́rùn rẹ̀, kí a tó ṣẹ̀dá tuntun.

Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ nílò kò pọ̀. Ooru ni agbára tí ń rìn. Ìwọ̀n-ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà ń kà. Ìgbàmọ́ra-ooru ni bí nǹkan ṣe ń gba ooru sí. Ìràn-ooru, ìgbékiri-ooru àti ìtànṣán-ooru ni ọ̀nà mẹ́ta tí ó ń gbà lọ. Ooru-omi ni èyí tí ń rú jáde láti ojú omi gbígbóná. Àlàfo-aláìláfẹ́fẹ́ wà nínú fúláàsì, amóoru-falẹ̀ sì ni orúkọ gbogbo ohun tí ń dá ìrìn ooru lọ́wọ́ kọ́. Òtútù lè dúró sí ipò rẹ̀ nínú èdè ojoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ebi ti dúró sí tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì nílò yàrá ìwádìí olówó ńlá. Fúláàsì kan, tẹmómítà kan, ìkòkò omi híhó kan, àti aago ti tó. Kí olùkọ́ fi omi gbígbóná ṣan inú fúláàsì kí ó tó rọ omi sínú rẹ̀, kí dígí tútù má baà kọ́kọ́ gba nínú ooru náà. Kí ó rọ ọ́ kún, kí ó dé e, kí àwọn ọmọ sì máa kọ ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọn yóò lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìdajì omi. Nígbà tí wọ́n bá délé, tí wọ́n bá ìyá wọn nídìí abọ́ ògì tí kò ki, wọn kò ní sọ pé òtútù ti wọ inú omi. Wọn yóò sọ fún un pé ooru rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti alẹ́ àná, kí ó gbé omi náà padà sórí iná.